Bàtà Tòkunbọ̀ Tí Mo Rà Ní Ògbómọ̀ṣọ́ Fún Eré Sísá Lórí Òkè

Ìsinmi oṣù Kejìlá tó kọjá ni mo fi dán bàtà yìí wò. Ẹni tó bá ń múra sílẹ̀ fún máratọ́ọ̀nù Èkó, tí wọ́n ti ń sá láti ọdún 2016, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 42.195, mọ̀ pé oṣù Kejìlá kì í ṣe ìgbà tí èèyàn ń ká ẹsẹ̀ kò, nítorí pé oṣù Kejì ni eré náà sábà máa ń bọ́ sí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé mi ti pinnu pé Adó-Àwáyè ni a ó ti lo ọjọ́ mẹ́fà, n kò sì fẹ́ kí ohun tí mo ti ń kó jọ láti oṣù Kẹsàn-án dànù sórí òkè. Bàtà tí mo fi ń sáré láràárọ̀ lójú títì Ìlọrin ti jẹ débi pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán bí abọ́ tánganran, kò sì lè di àpáta mú. Ìdí nìyí tí mo fi lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin oníbàtà kan lágbègbè Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìsọ̀ náà kò ní pátákó orúkọ. Ìṣó ni wọ́n fi okùn bàtà kọ́ sí láti òkè dé ilẹ̀, gbogbo bàtà ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ kí wọ́n tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i. Ohun tó kọ́kọ́ wú mi lórí ni pé kò sáré fa èyí tó wọ́n jù lọ jáde. Ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ojú títì ni ẹ fẹ́ fi sá, àbí orí ilẹ̀ líle?" Mo ní òkè ni. Ó lọ sí ẹ̀yìn, ó gbé ọ̀kan tó ní àwọ̀ eérú wá, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì ń fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ tọ́ka sí àwọn eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Eyín wọ̀nyí ga tó mìlímítà 4, wọ́n sì ya ara wọn sọ́tọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ kò fi ní há sí àárín wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ owó láti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà, a sì parí rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún méjìlélógún.

Lórí òkè, n kò rí ohun tí mo lè bá bàtà náà wí bí a bá ń gòkè. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n kà sí ọ̀nà tó lọ sí orí òkè Adó-Àwáyè, n kò sì ṣe akin láti sá gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Dípò eré kúkúrú tí mo máa ń sá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú ìwọ̀n bíi ìdá kan nínú mẹ́ta àtẹ̀gùn náà, mo sá a gòkè nígbà mẹ́jọ, mo sì ń rọra rìn sọ̀kalẹ̀. Ìṣẹ́jú ni mo ń kà, nítorí kìlómítà kan lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá kìlómítà kan lójú títì dọ́gba rárá. Níbi tí àtẹ̀gùn ti parí, tí àpáta gbalasa bẹ̀rẹ̀ títí dé adágún Ìyákè, yangí wẹ́wẹ́ tí ọyẹ́ ti gbẹ sórí àpáta máa ń yọ̀ bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi kò yọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Sísọ̀kalẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo sáré sọ̀kalẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi sì ń kan iwájú bàtà ní gbogbo ìgbésẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èékánná ọ̀tún ti dúdú. Ẹ̀bi èmi àti oníbàtà ni. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni mo lọ wọ̀ ọ́ wò, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Òun náà ní kí n dúró lórí ilẹ̀ títẹ́, ó ní ó bá mi mu. Ká ní ó ní pákó kan tó dagun tí oníbàárà lè dúró lé, tàbí kó fi àtàǹpàkò ọwọ́ wọn àlàfo iwájú rẹ̀, nọ́ńbà kan lékè ni ìbá gbé fún mi.

Ní ti itan tó ń dùn mí, bàtà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá ń sáré sọ̀kalẹ̀, iṣan iwájú itan máa ń nà níbi tó ti ń fà láti dá ara dúró, ìrora rẹ̀ a sì le jù lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀yìn ni mo ń fi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé tí a wọ̀ sí, ìyàwó mi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lójú títì, bàtà náà kò dára. Mo fi sá kìlómítà 18 lọ sápá Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ń ró kò-kò-kò, ó wúwo, eyín rẹ̀ sì jẹ lójú ọ̀dà lọ́jọ́ kan ju bó ti jẹ lórí àpáta láti ọjọ́ tí a ti dé. Bàtà mi àtijọ́ tí mo fi sílẹ̀ nílé ni ìbá ṣiṣẹ́ yìí.

Nígbà tí a padà dé, gọ́ọ̀mù gìgísẹ̀ ti ń ṣí. Oníbàtà náà kì í dá owó padà, ó sọ ọ́ gbangba, ṣùgbọ́n ó rán an, ó sì tún un lẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ọjọ́ méjì ló ní kí n padà wá, ọjọ́ kẹrin ló sì parí. N ó tún ra bàtà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni n ó lọ, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, n ó sì gbé pákó tèmi dání.