Bíárìn iwájú ọkọ̀ akẹ́rù: iṣẹ́ mẹ́káníìkì kan ní ọ̀nà Ìkìrun, Òṣogbo, àti bíárìn tí mo rà

Mẹ́káníìkì pọ̀ ní Òṣogbo yìí lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èyí tí yóò fara balẹ̀ wá ibi tí àìsàn ọkọ̀ wà, kó tó ní kí èèyàn lọ ra nǹkan, ni kò wọ́pọ̀. Mo rí ọ̀kan, ó sì bá mi ṣe bíárìn táyà iwájú ọkọ̀ akẹ́rù mi, ìyẹn irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ ni mo fẹ́ sọ, ibi tó dùn mọ́ mi àti ibi tó bí mi nínú. N ó sọ ti bíárìn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, torí ìdí rẹ̀ ni owó ńlá ti jáde.

Akẹ́rù oní-táyà mẹ́fà ni ọkọ̀ náà. Sìmẹ́ǹtì ló ń kó lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń kó pákó nígbà míì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Tó bá ti sáré díẹ̀ lórí ọ̀dà ni wàá máa gbọ́ "hùùù", bí eré bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ohùn náà ń ga sí i. Dírẹ́bà mi ní táyà ni. Fọkanáísà gbé táyà iwájú lọ sẹ́yìn, ó gbé tẹ̀yìn wá síwájú, ohùn ò yí padà. A gbé e lọ sí ìsọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní bíárìn àárín ṣáàfù ni. Wọ́n yí i, wọ́n gbowó, ọkọ̀ ṣì ń kùn. Nígbà tí mo padà lọ bá wọn, wọ́n tún ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gíábọ́ọ̀sì. Mo dúpẹ́, mo gbé ọkọ̀ mi kúrò níbẹ̀.

Àlááji ni gbogbo èèyàn ń pe mẹ́káníìkì tí mo wá ń sọ yìí. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ní pátákó orúkọ, kò sì lẹ́wà lójú. Kò ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì rárá. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Tí o bá yọ gíà, ṣé ohùn yẹn ń dákẹ́?" Mo ní ẹ jẹ́ ká wò ó. Ó ní, "Ó dáa, àbúrò mi, wọlé, jẹ́ ká jọ lọ gbọ́ ọ."

Ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú ló ti yọ gíà sí níútù, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ohùn ò rọlẹ̀. Ó ní, "O gbọ́ ọ? Ẹ́ńjìnnì kọ́, kílọ́ọ̀ṣì kọ́. Ohun tó ń bá táyà yí ni." Ó wo dígí pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó wá ń tẹ sítíárìn díẹ̀ sósì, díẹ̀ sọ́tùn-ún. Tí a bá yà sósì, ohùn náà á bú sókè. Tí a bá yà sọ́tùn-ún, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. "Ọ̀tún ni," ó wí. Mo bi í pé báwo ni ti ọ̀tún ṣe wá jẹ́ nígbà tó jẹ́ òsì la yà sí. Ó ní bí ọkọ̀ bá yà sósì, ọ̀tún ni gbogbo ẹrù ń da ara lé, èyí tí ìyà bá sì ń jẹ ni yóò ké.

Nígbà tí a padà dé ìsọ̀, ó rọra fọwọ́ kan họ́ọ̀bù méjèèjì, ìyẹn irin àárín táyà tí bíárìn wà nínú rẹ̀. Ti òsì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ti ọ̀tún, ẹ ò lè fi ọwọ́ lé e. Síbẹ̀ kò tíì dájọ́. Ó ní bíréèkì tó ń há náà lè mú kó gbóná bẹ́ẹ̀. Ó fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ó jáàkì iwájú, ó sì ti ìtì igi ńlá sábẹ́ ẹ́kísù torí kò fọkàn tán jáàkì. Ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í. Ó ń ró "kọ̀, kọ̀". Ó wá ní kí ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ kan wọ inú ọkọ̀ kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó tún un mì. Mímì náà kò sí mọ́. Ibí yìí ni mo ti gbà fún ọkùnrin náà. Ó ṣàlàyé pé tó bá jẹ́ kíńpíìnì, irin tí táyà iwájú fi ń yà sósì sọ́tùn-ún, ló jẹ, bíréèkì ò ní dá a dúró, táyà á ṣì máa mì. Ṣùgbọ́n tí bíréèkì bá ti dì í mú tó sì dúró, bíárìn ni. Mo mọ àwọn tí wọ́n yí kíńpíìnì odindi fún, tí ohun tó ń dà wọ́n láàmú kì í ṣe òun.

Ó tún ní kí n fi ọwọ́ di sípíríìnì mú kí òun máa yí táyà. Irin náà ń gbọ̀n yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka mi. A ṣe bẹ́ẹ̀ lápá òsì, kò gbọ̀n.

Nígbà tí wọ́n tú u, ọ̀rọ̀ ò tún sí mọ́. Gíríìsì tó wà nídìí síìlì, rọ́bà tó ń dí omi àti eruku mọ́ ìta, ti di funfun bí ògì. Omi ló wọ̀ ọ́: etí síìlì ti ya, ọkọ̀ sì ti ń la omi àti ẹrẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà òjò. Rólà bíárìn inú, ìyẹn àwọn irin róbótó tó ń yí nínú rẹ̀, ti pọ́n dúdú, apá kan rẹ̀ ti di búlúù nítorí ooru. Kọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyẹn òrùka irin tó há sínú họ́ọ̀bù tí rólà ń yí lórí rẹ̀, ti ṣí kéékèèké débi pé èékánná mi ń há sí i. Àlááji fi aṣọ nu ọ̀pá ẹ́kísù mọ́, ó fọwọ́ pa á yíká. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò tíì fá.

Kì í ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní tiẹ̀, ìwọ ni wàá lọ rà á. Mo fẹ́ràn ìyẹn, torí ẹni tó ń ta á kò ní pẹ́ rí àìsàn tí ọjà rẹ̀ ń wò. Ó nu ojú bíárìn náà títí nọ́ńbà rẹ̀ fi hàn: 32210. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má béèrè "bíárìn iwájú" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà ni kí n sọ. Ẹ mú nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn: 10 lọ́nà 5 jẹ́ mílímítà 50.

Ní ìsọ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, ọmọkùnrin tó ń tajà gbé 30210 lé mi lọ́wọ́. "Ọ̀gá, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ wọ̀n wọ́n wò." Kò purọ́ tán: ihò méjèèjì jẹ́ 50, fífẹ̀ ìta wọn jẹ́ 90. Ṣùgbọ́n 32210 nípọn tó mílímítà 24.75, 30210 ò ju 21.75 lọ. Ó máa wọlé, nọ́ọ̀tì á sì mú un, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Rólà rẹ̀ ló kúrú, ẹrù tó lè gbé sì kéré, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni mo ń kó. Mo dá a padà fún un.

Ìsọ̀ kejì ní irú mẹ́ta: tuntun olówó pọ́ọ́kú tí páálí rẹ̀ ń dán ju bó ṣe yẹ, tòkunbọ̀, àti NSK ti ilẹ̀ Japan. NSK ni mo rà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó tuntun olówó pọ́ọ́kú yẹn. Ó dùn mí, n kò ní parọ́. Nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn kedere, wọ́n sì fi epo àti ọ̀rá wé e dáadáa. Ti ayédèrú, nọ́ńbà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìka parẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn SKF ti ilẹ̀ Sweden, wọ́n ní áàpù tí wọ́n ń pè ní SKF Authenticate, ẹ lè ya fọ́tò ọjà náà ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n bá yín wò ó bóyá tiwọn ni.

Ní ti tòkunbọ̀, mo mọ̀ pé àwọn ará wa gbà pé ó sàn ju tuntun ayédèrú lọ. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì, n kò ní jiyàn. Bíárìn onírólà yìí yàtọ̀. Rólà àti kọ́ọ̀bù rẹ̀ ti jọ jẹ ara wọn bọ̀ látòkè òkun, ẹ ò sì lè mọ iye ẹrù tó ti gbé. Ìdí kan náà ló fà á tí kò fi yẹ kí ẹ fi rólà tuntun sínú kọ́ọ̀bù àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ta rólà nìkan fún yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Wọ́n ṣe rólà irú bíárìn yìí kí ẹnu kan tóbi kí ìkejì tín-ín-rín, kó lè gba ẹrù tó ń tì í látòkè àti èyí tó ń tì í láti ẹ̀gbẹ́. Amẹ́ríkà ni Henry Timken ti gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1898. Ẹni tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni bàbá náà.

Títò ó padà sínú họ́ọ̀bù ni iṣẹ́ gan-an. Àlááji ní kọ́ọ̀bù àtijọ́ kan tó ti rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà há. Ó gbé e lé tuntun lórí, ó wá ń fi òòlù lù ú lápá kan, lápá kejì, kó má baà wọ́. "Máa gbọ́ ọ," ó wí. Ohùn òòlù tó ti ń ró "pọ̀, pọ̀" ṣàdédé di "kán, kán". Ó ti jókòó nìyẹn, kò tún lù ú mọ́.

Bíárìn òsì kò bàjẹ́, nítorí náà wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì yí síìlì rẹ̀ nìkan. Ọmọ-iṣẹ́ kan fi kẹrosíìnì fọ rólà náà, ó wá gbé atẹ́gùn kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sí i kó lè máa yí fìrìfìrì. Àlááji pariwo mọ́ ọn: "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o fẹ́ kó tú bá ẹ lójú ni?" Inú mi dùn sí ariwo yẹn, torí ìsọ̀ púpọ̀ wà tó jẹ́ pé eré ni wọ́n ka ìyẹn sí.

Wọn kì í fi igi bu gíríìsì kùn ún lára níbẹ̀. Ó bu gíríìsì sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi ẹnu ńlá bíárìn gún un títí gíríìsì fi ń yọ lẹ́nu kékeré, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ yíká. Gíríìsì onílítíọ́ọ̀mù, nọ́ńbà 2, ló ní kí n rà. Ó nu ti àtijọ́ kúrò pátápátá, torí kì í ṣe gbogbo gíríìsì ló ń bára wọn gbé. Kò sì dí inú họ́ọ̀bù pa, ó ní tó bá ti kún jù, ooru ni yóò máa dá sílẹ̀.

Nígbà tó ń fún nọ́ọ̀tì, ó ń yí dúrọ́ọ̀mù lọ́wọ́ kan náà títí ó fi wúwo. Ó tú u díẹ̀, bí ìdá mẹ́rin yíyí kan, ó fi ọwọ́ lásán fún un padà, ó sì ti píìnì tuntun bọ̀ ọ́ kí nọ́ọ̀tì má baà tú. Ọmọ-iṣẹ́ fẹ́ lo píìnì àtijọ́, mo kọ̀, Àlááji náà sì kọ̀.

Ibí yìí ni mo ti ní ẹjọ́ tèmi. Ìlànà iṣẹ́ fún irú ọkọ̀ yìí ni pé kí ààyè tó máa kù fún họ́ọ̀bù láti sún wà láàárín mílímítà 0.025 sí 0.125, aago ìwọ̀n ni wọ́n sì fi ń wò ó. Kò ní in. Ọwọ́ ló gbójú lé. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù tó báyìí yẹ kó rí ohun tó ju ọwọ́ lọ. Wọ́n tún tẹ́ bíárìn tí wọ́n ti fọ̀ sórí páálí nílẹ̀, eruku sì ń fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀. Èmi ni mo lọ wá ọ̀rá bò ó. Ọ̀sán ni wọ́n fi àdéhùn sí, ó di lẹ́yìn Àsárì kí wọ́n tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Wọn ò sì ní rìsíìtì. Owó iṣẹ́ méjèèjì jẹ́ ₦18,000, n kò ná an lé e.

Mo fún iṣẹ́ náà ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, NSK gba márùn-ún. Ohùn náà ti lọ pátápátá, dírẹ́bà mi wá ń ráhùn báyìí pé òun ń gbọ́ gbogbo nǹkan mìíràn tó ń jo nínú ọkọ̀. Àlááji ní kí a lọ sí Ìbàdàn ká bọ̀, kí a wá gbé e wá kí òun wo nọ́ọ̀tì. A gbé e lọ, ó jáàkì rẹ̀, ó mì í, kò gbowó. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó tètè dé láàárọ̀, kó má sì yan ọjọ́ Jímọ̀, nítorí wọ́n máa ń ti ìsọ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá, wọn kì í sì í tètè padà.