Ìkìlọ̀: ẹ̀yin tó fẹ́ ra rédíò ọkọ̀ ojú omi ní Abẹ́òkúta, ẹ má tíì sanwó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin kan wà lágbègbè Pansẹ́kẹ́ tó ń ta wókì-tókì àwọn ọlọ́dẹ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, tó ń pè é ní "VHF ti orí òkun", ìyẹn rédíò tí àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń pe ara wọn. Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ni mò ń ṣe. Àwọn tó ti rà á ló ń gbé e wá pé kí n bá àwọn wò ó, wọ́n ní kò gbé ohùn. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀ o. Ohun tí wọ́n pè é ni kì í ṣe.

Abẹ́òkúta kò sí létí òkun, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọjà yìí rọ̀ ọ́ lọ́rùn: oníbàárà kò lè gbé e dé etí òkun dán wò kó tó sanwó. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rin odò Ògùn dé ọ̀sà Èkó ń rà á, àwọn oníyanrìn ń rà á. Èyí tó dùn mí jù ni àwọn òbí tó ń rà á fún ọmọ tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ní Àpápá, torí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ dání. Irọ́ ni. Ọkọ̀ ńlá ló ń pèsè rédíò fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Yóò fi rédíò kan lé yín lọ́wọ́, yóò fi èkejì rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sódìkejì títì. Ọmọ á ní, "Ẹ ń gbọ́ mi, sà?" Ẹ ó gbọ́ ọ ketekete, owó á sì jáde. Bẹ́ẹ̀ rédíò méjèèjì tí wọ́n bá ti tẹ nọ́ńbà kan náà sí lára á máa gbọ́ ara wọn, kódà kó jẹ́ èyí táwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ìbejì ló ń bá ìbejì sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rédíò ọkọ̀ ojú omi ni pé kí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí gbọ́ yín: ọkọ̀ epo tó ń kọjá lọ, ọkọ̀ apẹja, àwọn tó wà ní èbúté. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi fẹnu kò sórí ṣánẹ́ẹ̀lì 16, ìyẹn 156.8 MHz, fún ìpè àti fún "Mayday", igbe ẹni tó wà nínú ewu. Èyí tí wọ́n gbé wá bá mi, 446 ló wà lójú rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń tẹ́tí síbẹ̀.

Ó tún ní irú kan tó lè dé 156.8 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ tẹ nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí omi ti ń wọ ọkọ̀ rẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè ìyẹn? Rédíò gidi ní bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ 16 sí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó tẹ̀ ẹ́.

Tí ẹ bá bi í léèrè, á ní àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ńlá ń lo UHF, ìyẹn ìgbì rédíò tó ga ju ti VHF lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń mú àwọn tó gbọ́n díẹ̀. Tí wọ́n bá ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ẹni tó wà nídìí okùn níwájú àti kápútéènì tó wà lókè kì í sábà rí ara wọn, UHF ni wọ́n sì máa ń fi sọ̀rọ̀, lórí 457 àti 467 MHz. Àmọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn. Kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń pe ọkọ̀ mìíràn.

Bọ́tìnì aláwọ̀ ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò tó ń tà ńkọ́? Ó ní òun ni wọ́n ń tẹ̀ tí ewu bá dé. Mo tẹ̀ ẹ́, orin fújì ló jáde láti ilé-iṣẹ́ FM kan nígboro níbí. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í han bí áláàmù mọ́tò. Lára rédíò tó ní DSC, ìyẹn ètò tó ń fi àmì ìpè ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí ohùn, bọ́tìnì ewu máa ń pupa, ó ní ìdérí, wọ́n kọ DISTRESS sí i. Tí ẹ bá ṣí i tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣánẹ́ẹ̀lì 70 ló ń gbà sọ fáwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí pé ẹ wà nínú ewu. Tó bá ní GPS, á sọ ibi tí ẹ wà pẹ̀lú.

Nọ́ńbà tí DSC fi ń sọ ẹni tó ń pè ni wọ́n ń pè ní MMSI. Ẹyọ mẹ́sàn-án ni, ti Nàìjíríà sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 657. Ọkùnrin yìí ń kọ ọ́ sórí bébà ta fún èèyàn! Àwọn oníbàárà méjì gbé nọ́ńbà kan náà wá bá mi, rédíò wọn kò sì níbi tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí rárá. Ìjọba ló ń fún ọkọ̀ ní MMSI, kì í ṣe ọjà orí àtẹ.

Ó tún ní ó ń dé kìlómítà 50. VHF kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibi tí ojú lè rí, torí ayé rí roboto, òkè sì ń dí i. Tí ẹ bá gun orí Olúmọ, rédíò kékeré á gbéṣẹ́ jìnnà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sábẹ́ afárá Láfẹ́ńwá kí ẹ tún un sọ. Èyí tí wọ́n kàn mọ́ ara ọkọ̀ ńlá, wáàtì 25 ni òfin gbà fún un, orí òpó ni eriáàlì rẹ̀ sì wà. Èyí tí à ń mú lọ́wọ́ kì í sábà ju wáàtì 5 tàbí 6 lọ. Láti inú ọkọ̀ kékeré sí òmíràn, máìlì mélòó kan péré ni.

Ẹ ṣọ́ra fún aláwọ̀ ìyeyè tòkunbọ̀ tó ń tà pẹ̀lú. Rédíò inú ọkọ̀ ìgbàlà ni, ojúlówó sì ni, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ni wàhálà. Bátìrì tí wọ́n ń fi pamọ́ fún ọjọ́ ewu kì í gba ṣájì. Èdìdì ń bẹ lára rẹ̀, ọjọ́ tí yóò kú sì wà níbẹ̀. Àwọn tí mo rí, wọ́n ti fi nǹkan ha ọjọ́ náà kúrò.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ rà, ní ibikíbi, ẹ bi í pé IPX7 ni? Ìyẹn ni pé ó lè wà lábẹ́ omi mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ ní kó jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi níṣojú yín. Ọkùnrin tiwa yìí fa ọ̀rá yọ, ó ní kí oníbàárà máa wé e.

Ó ti dá owó padà fún àwọn kan tó mú rìsíìtì lọ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà lọ́wọ́, kó tètè lọ, nítorí mo gbọ́ pé ó ti ń wá ṣọ́ọ̀bù tuntun. Tó bá kọ̀, ẹ ya àwòrán rédíò, páálí rẹ̀ àti rìsíìtì, kí ẹ kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Ẹni tí kò gba rìsíìtì lè lo ẹ̀rí owó tó fi ránṣẹ́ láti báńkì.