Pikọ́ọ̀pù onígásọ́ọ̀lì fún ẹni tó ń fa rẹmọ́ọ̀kì ní Kétu: èwo ni kí a rà?

Ẹni tó ń ṣòwò àgbàdo àti gbágùúdá láàárín Kétu àti Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, tó sì fẹ́ kí ọkọ̀ kan náà máa gbé òun lọ sí ibi iṣẹ́ láràárọ̀, kò ní wá orúkọ ọkọ̀ tì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn tó ń ta pikọ́ọ̀pù fi ń polówó ọjà wọn: kìlógíráàmù 3,500, ìyẹn ìwọ̀n rẹmọ́ọ̀kì (ọkọ̀ ẹrù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀) tí wọ́n ní ọkọ̀ lè fà. Wọ́n ní Hilux ń fà á, Ranger ń fà á, Land Cruiser náà ń fà á. Bí a bá tẹ̀ lé nọ́ńbà yìí nìkan, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò kéré. Lójú tèmi, irú gásọ́ọ̀lì (dísẹ́ẹ̀lì) tí a ń rí rà lágbègbè wa àti mẹ́káníìkì tó wà nítòsí ló yẹ kó kọ́kọ́ pinnu ọkọ̀ tí a ó rà, kí ọ̀rọ̀ agbára ẹ́ńjìnnì tó wọ̀ ọ́.

Kí n kọ́kọ́ gbé àwọn ọkọ̀ ńlá Amẹ́ríkà kúrò lójú ọ̀nà, nítorí àwọn ni ọkàn ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fà sí. Ford F-250 tó ní ẹ́ńjìnnì Power Stroke onílítà 6.7 àti Ram 2500 tó ní ẹ́ńjìnnì Cummins onílítà 6.7 kì í ṣe ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fojú di. Láti ọdún 2020 ni agbára ìyípo ẹ́ńjìnnì F-250 (agbára tó fi ń fa ẹrù, tí a ń fi Nm wọ̀n) ti kọjá Nm 1,400, nígbà tí ti Hilux onílítà 2.4 jẹ́ Nm 400, rẹmọ́ọ̀kì tó wọn tọ́ọ̀nù mẹ́jọ kò sì ju agbára àwọn kan nínú wọn lọ. Àmọ́ epo Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Lọ́hùn-ún, imí-ọjọ́ tó wà nínú mílíọ̀nù kìlógíráàmù gásọ́ọ̀lì kan kò gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 15 lọ. Ìwọ̀n tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò sí fún epo tí a bá kó wọlé láti ọdún 2021 jẹ́ 50, èyí tó sàn ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wọn imí-ọjọ́ inú bídọ̀ǹ tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Imí-ọjọ́ yìí ló ń ba asẹ́ èéfín ìgbàlódé jẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí nílò AdBlue, ìyẹn omi mímọ́ tí a pò mọ́ yúríà, tó ń fọ èéfín mọ́ nínú pàìpù kó tó jáde. Bí ó bá tán, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò dín eré ọkọ̀ kù títí a ó fi rí òmíràn rọ sí i. Ẹ wo ẹni tó ń wá AdBlue kiri ní Ìlárá lálẹ́ ọjọ́ Àìkú! Gígùn F-250 onílẹ̀kùn mẹ́rin sì kọjá mítà mẹ́fà, fífẹ̀ rẹ̀ kọjá mítà méjì láìka dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn, débi pé ẹni tó bá gbé e wọ àwọn àdúgbò àtijọ́ tó yí Akábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, ká, ẹ̀yìn ni yóò fi rìn jáde.

Land Cruiser 79 ni òdìkejì rẹ̀ pátápátá. Ẹ́ńjìnnì 1HZ onílítà 4.2 tó wà nínú rẹ̀, tó ní sìlíńdà mẹ́fà, ti wà láti ọdún 1990. Kò ní túbò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì), kò sì sí kọ̀ǹpútà tó ń pín epo fún un. Pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹṣin 130 lọ, agbára ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ Nm 285, tí ẹni tó bá ń ka ìwé nìkan yóò fi sọ pé Hilux ta á yọ. Ìwé náà kò purọ́ ní ti eré: bí rẹmọ́ọ̀kì ẹlẹ́rù bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ yìí, yóò máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lórí òkè, àwọn tó tẹ̀ lé e yóò sì máa fọn fèrè. Irin ara rẹ̀ ni ohun tí à ń sanwó fún. Ṣáàsí rẹ̀ nípọn, áàsùlù rẹ̀ kò mọ ìnira, bí ó bá sì mu gásọ́ọ̀lì tí kò mọ́, asẹ́ epo nìkan ni a sábà máa ń pààrọ̀, kì í ṣe ínjẹ́tọ̀ (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) olówó gọbọi. Mẹ́káníìkì tó jókòó sábẹ́ igi ní Adakplamè lè tọ́jú rẹ̀ láìso kọ̀ǹpútà kankan mọ́ ọn. Abájọ tí àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn àjọ aláàánú fi ń gbé e lọ sí ibi tí kò sí ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa ń gbé e lójoojúmọ́ yóò mọ̀ ọ́n lára. Sípríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ le koko nígbà tí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, kì í tètè yípo níbi tóóró, ó ń mu gásọ́ọ̀lì dáadáa, owó rẹ̀ sì ga gan-an fún ọkọ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo tó bẹ́ẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, èyí tó yẹ kí a pààrọ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 100,000. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo pé ọkọ̀ náà kì í bàjẹ́ ni kò mọ̀ pé bẹ́líìtì kankan wà níbẹ̀.

Hilux ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí òun ni mo fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ́ńjìnnì 2GD onílítà 2.4 ní agbára ẹṣin 150, gbogbo Nm 400 rẹ̀ sì ti ń jáde láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 1,600 sí 2,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìtumọ̀ èyí ni pé nígbà tí a bá dúró lórí ilẹ̀ tó gùn sókè, tí rẹmọ́ọ̀kì ẹlẹ́rù wà lẹ́yìn, a lè gbéra láìjẹ́ pé a tẹ ẹ́ títí tí yóò fi máa ké, tí kílọ́ọ̀ṣì yóò sì máa rùn. Onílítà 2.8 lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti ọdún 2020 ló ti ní agbára ẹṣin 204 àti Nm 500 bí jíà rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń yí fúnra rẹ̀, bí a bá sì ń fi ọwọ́ yí jíà, Nm 420 ni. Ìyàtọ̀ Nm 20 sí onílítà 2.4 yìí kéré, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ jíà ọlọ́wọ́ kò ní ìdí púpọ̀ láti ra 2.8. Ṣéènì ni àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun méjèèjì ń lò, nígbà tó jẹ́ pé bẹ́líìtì ni àwọn Hilux àtijọ́ onílítà 2.5 àti 3.0 ń lò.

Ohun tí àwọn olùtajà kì í ṣàlàyé ni pé Hilux méjì ló wà lábẹ́ orúkọ kan. Láti ilé-iṣẹ́ Toyota tó wà ní Durban ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó o lọ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń kó o lọ sí Yúróòpù. Èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù ní asẹ́ èéfín nínú pàìpù rẹ̀, torí òfin ibẹ̀ kò fàyè gba kí imí-ọjọ́ inú gásọ́ọ̀lì wọn ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ilẹ̀ tí epo wọn kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ kò sábà ní in. Bí a bá ra ti Yúróòpù ní Kútọnu, tí a wá ń fi í rin ìrìn kúkúrú láàárín ìlú lójoojúmọ́, asẹ́ náà kò ní gbóná tó láti jó dúdú èéfín inú rẹ̀ dànù. Yóò dí, iná yóò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, agbára ọkọ̀ yóò sì wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó wo àga inú rẹ̀.

Kò sí Hilux tuntun tó bọ́ lọ́wọ́ àníyàn epo pátápátá. Ihò ínjẹ́tọ̀ rẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, omi díẹ̀ tó bá sì kọjá nínú asẹ́ lè bà á jẹ́. Epo ilé-epo tí a mọ̀ ni kí a máa rà, kí a máa tú omi tó bá kó sí ìsàlẹ̀ asẹ́ dànù, kí a má sì ṣe fi iná asẹ́ epo ṣeré bí ó bá tàn. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ọ̀nà pupa bá ń rú, asẹ́ afẹ́fẹ́ náà ń fẹ́ ojú tó mú.

Ranger onílítà 3.2, tó ní sìlíńdà márùn-ún, agbára ẹṣin 200 àti Nm 470, ń fa ẹrù dáadáa, inú rẹ̀ sì tuni lára ju ti Hilux lọ. Ohun tó mú mi fà sẹ́yìn ni pé ẹ̀yà rẹ̀ kì í tètè wà nílẹ̀ ní Kétu. A ó máa ránṣẹ́ sí Kútọnu. Mitsubishi L200 máa ń yípo níbi tóóró ju àwọn yòókù lọ, èyí tó wúlò lọ́jà, ṣùgbọ́n kìlógíráàmù 3,100 ni èyí tó jáde ní ọdún 2015 lè fà.

Wàyí o, nọ́ńbà 3,500 yẹn. Rẹmọ́ọ̀kì kì í kàn tẹ̀ lé ọkọ̀ lásán. Ó tún ń tẹ ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí sì wà lára ẹrù tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè gbé. Ká ní rẹmọ́ọ̀kì wọn tọ́ọ̀nù méjì, tí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ sì jókòó sórí ìkọ́, kìlógíráàmù 200 nìyẹn. Bí àgbàlagbà márùn-ún bá wà nínú ọkọ̀, kí a pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 70, wọ́n jẹ́ 350. Hilux tó lè gbé nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan ṣẹ́ ku 450, ìyẹn àpò àgbàdo ọlọ́gọ́rùn-ún kìlógíráàmù mẹ́rin péré àti ìwọ̀nba pálapàla. Ẹ lọ sí ọ̀nà Pọ́bẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ ka iye àpò tó wà lórí àwọn Hilux ibẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ jù sí ẹ̀yìn rẹmọ́ọ̀kì, tí ìkọ́ kò rí ohun tẹ̀ ẹ́, rẹmọ́ọ̀kì yóò máa jù sọ́tùn-ún sósì bí eré bá ti ń pọ̀. Bí ó bá sì tẹ ìkọ́ jù, táyà iwájú ọkọ̀ yóò fúyẹ́, ìdarí kò ní mú ilẹ̀ mọ́.

Bíréèkì ni mo rò pé a kò fi ojú tó yẹ wò rárá ní agbègbè yìí. Kìlógíráàmù 750 péré ni Hilux lè fà bí rẹmọ́ọ̀kì kò bá ní bíréèkì tirẹ̀. 3,500 tí wọ́n ń kéde jẹ́ ti rẹmọ́ọ̀kì tó ní bíréèkì. Èyí tí àwọn jórinjórin wa ń ṣe dúró dáadáa, irin rẹ̀ kò ṣé kẹ́gàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní bíréèkì kankan, ọkọ̀ iwájú ni yóò dá gbogbo rẹ̀ dúró. Irú tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ló bá wa mu: bí ọkọ̀ bá dẹ eré, rẹmọ́ọ̀kì yóò ti ọ̀pá rẹ̀ síwájú, ọ̀pá yóò sì tẹ bíréèkì táyà rẹmọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti Amẹ́ríkà ń lo iná, ó sì ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ nínú ọkọ̀. Orí ìkọ́ roboto ti Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 50, ti Amẹ́ríkà tó sún mọ́ ọn jẹ́ 50.8; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù mú wọn bára mu.

Ní Kútọnu, níbi tí a ti ń ra ọkọ̀ tó ti Yúróòpù dé, ẹ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì náà lówùúrọ̀, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná ń bo ọ̀pọ̀ àṣìṣe mọ́lẹ̀. Èéfín dúdú díẹ̀ nígbà tí a bá tẹ ẹ́ kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èéfín tó dà bíi búlúù tí kò dáwọ́ dúró ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ òróró. Ẹ wo ìkọ́ ẹ̀yìn: bí ó bá ti jẹ púpọ̀, ọkọ̀ náà ti fa nǹkan ní ọ̀nà tó jìn, kí ẹ sì bi ara yín bóyá kìlómítà tó wà lójú rẹ̀ bá ìkọ́ náà mu. Ẹ fi nọ́ńbà ara ṣáàsí wé ti káàtì gíríìsì, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tó bá kọ̀ kí ẹ mú mẹ́káníìkì tiyín wá, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Fún ẹni tó ń fa rẹmọ́ọ̀kì tọ́ọ̀nù méjì lọ sọ́jà, tó sì ń fi ọkọ̀ kan náà gbé àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, Hilux 2.4 tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn, tí jíà rẹ̀ jẹ́ ọlọ́wọ́, tí kò sì ní asẹ́ èéfín, ni èmi yóò rà. Ẹni tí rẹmọ́ọ̀kì omi tàbí ti ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ kì í kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ láti oko dé oko, tí ó sì ní ọkọ̀ mìíràn fún ìdílé, kí ó forí tì í, kí ó ra Land Cruiser 79 alẹ́nu ọ̀nà méjì. Bí rẹmọ́ọ̀kì náà àti ẹrù rẹ̀ bá kọjá tọ́ọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀, kámíọ̀ǹ kékeré ni kí ó máa bèèrè owó rẹ̀, kì í ṣe pikọ́ọ̀pù.