Open policy finder: mo bi í léèrè ohun tó kù fún mi nínú pépà mi

Ìdí ẹ̀rọ fọ́tòkópì lẹ́bàá South Gate FUTA ni mo wà tí lẹ́tà náà fi wọlé sórí fóònù mi. Àwọn ọmọ tó ń di tíísíìsì wọn kún ṣọ́ọ̀bù náà fọ́fọ́, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Iléeṣẹ́ atẹ̀wé tó tẹ pépà mi lórí bí wọ́n ṣe ń sá kòkó ló kọ ọ́: kí n yọ pépà náà kúrò níbi tí mo gbé e sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pépà tèmi! Èmi tí mo fẹsẹ̀ rin oko Ìdànrè, tí mo wọn ọ̀rinrin inú kòkó títí ojú fi ń ṣe mí bàìbàì. Ọmọkùnrin tó ń ṣe fọ́tòkópì wo ojú mi, ó ní, "Mà, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Ó wà.

Nígbà tí mo délé, mo tú fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí jáde. Lóòótọ́ ni mo ti kó ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ (copyright) fún wọn pátápátá. Mo rántí alẹ́ ọjọ́ náà. Iná ti lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà ti ń tán, mo kàn ń tẹ "mo gbà, mo gbà" lọ ni. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òfin yẹn náà ló ní bí ẹnì kan yóò bá gbé e fún ẹlòmíràn, àfi kó wà ní kíkọ sílẹ̀. Èmi ti kọ ọ́. Ohun tí àwọn ọmọ ọmọ mi ì bá máa jẹ lábẹ́ rẹ̀, ìka kan ni mo fi tì í dànù.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ẹ̀ka wa ló bi mí ní ọjọ́ kejì pé, "Àbúrò, ṣé o ti wò ó ní Romeo? Àwọ̀ wo ló mú jáde?"

Àwọn àgbà ló máa ń béèrè àwọ̀. Romeo jẹ́ ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ ohun tí atẹ̀wé gbà kí òǹkọ̀wé fi pépà rẹ̀ ṣe. Láyé ìgbà tí ó ń jẹ́ Sherpa Romeo, àwọ̀ ni wọ́n fi ń to àwọn atẹ̀wé: ewé, búlúù, yẹ́lò, funfun. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ọkàn rẹ balẹ̀. Bó bá jẹ́ funfun, rọra. Wọ́n ti kó àwọ̀ kúrò, wọ́n ti yí orúkọ padà, Open policy finder ló ń jẹ́ báyìí. Iléeṣẹ́ Jisc ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi wá nǹkan.

Orúkọ jọ́nà lo máa tẹ̀ sínú rẹ̀, tàbí ISSN tí a fi ń dá jọ́nà mọ̀, nọ́ńbà mẹ́jọ tí dáàṣì máa ń wà láàárín wọn. Ohun tó mú un wù mí ni pé ó pín pépà kan ṣoṣo bí ẹni ń pín ẹran ọdún, kálukú mọ ibi tó kàn án. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n gbà lẹ́yìn tí mo ti tún un ṣe, ó lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n tò tí ó dán, tí orúkọ jọ́nà àti ojú ewé wà lórí rẹ̀, òun náà lọ́tọ̀. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kọ ibi tó o lè gbé e sí, ìgbà tó o lè gbé e síbẹ̀, irú láíséǹsì tó yẹ kó wà lára rẹ̀.

Ní ti tèmi: àkọ́kọ́, ibi tó bá wù mí, ìgbàkigbà. Ìkejì, mo lè gbé e sí ojúlé ti ara mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó dé ibi ìkówèésí ilé-ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oṣù 12 gbọ́dọ̀ pé, kí láíséǹsì CC BY-NC-ND sì wà lára rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni lè kà á kó sì pín in, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ pín èyí tó bá tún ṣe. Ìkẹta, rárá o. Ìkẹta yẹn gan-an ni mo sì gbé síta, nítorí pé òun ló rẹwà jù.

Mo yọ ọ́. Ó wá ku kí n fi ìkejì rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó dán wà níbi mẹ́rin lọ́wọ́ mi, èyí tí wọ́n gbà kò sí níbì kankan. Kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ọ́ ti kú tipẹ́. Ẹni tí a jọ kọ ọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, ló padà rí i nínú fláàṣì kan, ó sì fi rán dẹ́rẹ́bà mọ́tò sí mi ní Àkúrẹ́, ó wé e sínú ọ̀rá búrẹ́dì. Orúkọ tó fún fáìlì náà ni "FINAL tòótọ́ 3". Ìlà pupa tí mo fi ń dá àwọn olùyẹ̀wò lóhùn ṣì wà nínú rẹ̀, èyí tí mo ti fi ìbínú kọ náà wà níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ni mo fi nù ún nù.

Ẹ má sì rò pé ibẹ̀ lẹ ti máa rí ìdáhùn gbogbo ìbéèrè. Mo fẹ́ ṣe ìwé pélébé kan lédè Yorùbá fún àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè, kí n fi àwòrán inú pépà náà hàn wọ́n pé kòkó tí a sá lórí pẹpẹ kì í gba òórùn èéfín bíi ti ẹ̀bá títì. Ọ̀rọ̀ ibi tí a lè gbé pépà sí ni Open policy finder ń sọ. Yíya àwòrán kan ṣoṣo kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ojú ewé jọ́nà fúnra rẹ̀ lèèyàn ti máa ń tọrọ ìyẹn. Mi ò tọrọ. Òfin 2022 yẹn kò fi ẹ̀tọ́ àdàkọ bo dátà lásán, iye ọ̀rinrin tí mo kọ sínú ìwé ìléwọ́ mi kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Mo tún àwòrán tuntun yà látinú nọ́ńbà yẹn, mo ya apẹ̀rẹ̀ kòkó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tiẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo tún wá jọ́nà kan tí wọ́n ń tẹ̀ nílé níbí lórí rẹ̀, èyí tí mo ti tẹ pépà méjì sí rí. N kò rí i, kò sì yà mí lẹ́nu, torí àwọn fúnra wọn kò kọ òfin wọn síbì kankan. Mo pe olóòtú wọn, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ máa lò ó, mà, tiyín ni." Mo ní kó bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù kẹta rèé.

Mo ti lo Open policy finder nígbà mẹ́fà báyìí, mẹ́rin nínú rẹ̀ kí n tó fi pépà ránṣẹ́ rárá, ìyẹn sì ni mo kà sí àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù. Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kì í sì í ṣe fọ́ọ̀mù tí ẹ̀yin fọwọ́ sí ló ń kà fún yín, ohun tí jọ́nà kéde ni, ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá mo gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó fojú ara rẹ̀ wò ó. Ó wọ awò rẹ̀, ó yí fóònù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Àwọ̀ ewé náà wá dà?"