Dátà GHS-Panel: mo ti lò ó, ó dáa gan-an

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá dátà Nàìjíríà tó ṣeé fọkàn tán, ẹ lọ gbé GHS-Panel (General Household Survey-Panel), ìwádìí tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, àti World Bank fi ń bi àwọn ìdílé léèrè nípa iṣẹ́ oko, oúnjẹ àti owó tí wọ́n ń ná, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ ṣáà ti forúkọ sílẹ̀ lórí sáìtì wọn. Ohun tó wù mí jù nínú ẹ̀ ni pé ilé kan náà ni wọ́n ń padà lọ bá, ìdílé bí 5,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2010, mẹ́wàámẹ́wàá láti àdúgbò 500, wọ́n á lọ lẹ́yìn ìgbìn, wọ́n á tún lọ lẹ́yìn ìkórè. Ibi tó ti dùn gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì lẹ bi léèrè lọ́dún yìí, ẹlòmíì lámọ́dún, tí owó oúnjẹ wá yí padà, ṣé ọjà ló wọ́n ni àbí àwọn tẹ́ ẹ bi ló yàtọ̀?

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn máa ń kó lọ, ó máa ń sú àwọn míì, ìlú náà ò sì dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pààrọ̀ ọ̀pọ̀ ní 2018, wọ́n mú àdúgbò tuntun 360 wọlé, wọ́n sì mú díẹ̀ nínú àwọn àtijọ́ dání kí ìtàn má baà já, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo wéètì o, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ iye ìdílé tí ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú dátà náà ń ṣojú fún! Ọgọ́ta ọgọ́ta ni wọ́n mú àwọn tuntun yẹn lẹ́kùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bẹ́ẹ̀ èrò ibẹ̀ ò dọ́gba rárá.