Rẹ́kọ́ọ̀dù Candido tí mo rà ní Yaba: àkúbà ló ń kọrin níbẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìlù, ẹ wá gbọ́ tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra Dancin' and Prancin' ti Candido Camero lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta àwo tòkunbọ̀ ní Yaba, ₦35,000 ni mo san, owó ńlá ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ látìgbà yẹn, mi ò sì kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan nínú ẹ̀.

Ọmọ Cuba ni Candido, 1921 ni wọ́n bí i, ó dé New York ní 1946, ó bá Dizzy Gillespie, afọnfèrè jáàsì, ṣeré, ó sì gbó dáadáa, ẹni ọdún 99 ni nígbà tó kú ní 2020. Ohun tó sọ ọ́ dolórúkọ ni pé òun nìkan á to àkúbà mẹ́ta síwájú, èyí táwọn òyìnbó ń pè ní kóńgà, á fa awọ wọn kí ohùn wọn yàtọ̀ síra, á wá máa fi ọwọ́ méjì kọrin lórí wọn. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún kó tó ṣe àwo yìí fún ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Salsoul ní 1979, àwọn onídísíkò nìyẹn.

Orin mẹ́rin péré ló wà nínú ẹ̀. Jingo ló mú mi ra á, ẹ jọ̀ọ́, orin tiwa ni o! Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lọ́nà Badagry níbí, ló gbé e jáde nínú Drums of Passion ní 1960, Santana, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, náà ṣe é ní 1969. Ti Candido, ìlù dísíkò ń lọ gbì gbì gbì nísàlẹ̀, béèsì ń tẹ̀ lé e, àkúbà wá gun orí gbogbo ẹ̀. Dádì mi tí wọ́n ti lu àkúbà rí fún ẹgbẹ́ jùjú kan ní Mushin ń jẹ àmàlà lọ́wọ́ nígbà tí mo fi í sí i, òkèlè dúró lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá ń fi ìka ọwọ́ òsì lu apá àga, ìlù náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mélòó ni ẹni yìí ní gan-an?" Mo fi orúkọ orin kan hàn wọ́n lẹ́yìn páálí àwo náà: Thousand Finger Man, oníka ẹgbẹ̀rún! Ìyẹn náà dùn, 1970 ló ti kọ́kọ́ ṣe é pẹ̀lú fọ́ǹkì, èyí tibí yìí ijó ni ṣá.

Rock and Shuffle ni kò wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó tà á fún mi ní kò ní àléébù kankan, irọ́ ni, ibi tí Thousand Finger Man ti bẹ̀rẹ̀ ti ha, abẹ́rẹ́ máa ń fò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo pè é títí kò gbé e. Tẹ́ ẹ bá rí àwo yìí níbìkan, ẹ yọ ọ́ nínú páálí, ẹ gbé e sóòrùn, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.