Playfair Display: àkọlé ńlá ló mọ̀ ọ́n ṣe

Claus Eggers Sørensen ló ya fọ́ǹtì yìí, ọ̀fẹ́ sì ni lórí Google Fonts. Ìlà rẹ̀ kan ki, èkejì tín-ínrín bí irun orí. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń bu iyì olówó kún àkọlé ìwé ìròyìn aṣọ àti páálí lọ́fínńdà. Ibẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀ wà. Ẹ lò ó láti 36 pọ́ìntì (ìwọ̀n títóbi lẹ́tà) sókè. Tó bá wálẹ̀ dé 10, pàápàá tí lẹ́tà bá funfun lórí dúdú, íǹkì á gbé ìlà tín-ínrín mì. Fún ọ̀rọ̀ kékeré, ẹ mú Playfair, àbúrò rẹ̀ tó ń tún ara ṣe láti pọ́ìntì 5 dé 1200.

Nọ́ńbà Playfair Display kì í dúró dọ́gba: 3, 4, 5, 7 àti 9 máa ń nasẹ̀ sísàlẹ̀. Ó dára nínú ọ̀rọ̀, àmọ́ ó ń ba iye owó jẹ́. Ẹ tan "lnum", àṣàyàn inú fọ́ǹtì tó wà fún nọ́ńbà, wọ́n á tò dọ́gba.

Kí ẹ tó fi ṣe káàdì ìgbéyàwó Yorùbá, ẹ tẹ "Ọ̀ṣun, ẹ̀ṣọ́, ǹjẹ́" wò. Lẹ́tà tí fọ́ǹtì kò bá ní, kọ̀ǹpútà á yá a lọ́dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn, ṣ kan á wá ki láàárín àwọn tẹ́ẹ́rẹ́. Black, oríṣi rẹ̀ tó ki jù, ti wúwo jù lójú tèmi. Regular, oríṣi rẹ̀ tí kò ki, ló gbayì.